Òkúta Kòtò Kẹtàdínlógún

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún ìyàwó rẹ̀ ní kànìnkànìn onírin, kí ẹ sì sọ fún un pé àlejò ìjọba ń bọ̀.

Ohun tó bá Ọládòṣù Abórìṣàdé nìyẹn ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní ẹ̀yìnkùlé ilé tó háyà ní Máfolúkù. Ó ti wẹ̀. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eèpẹ̀ tí wọ́n fún un lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1974, tí bọ́tìnnì rẹ̀ kì í fẹ́ kọjá ikùn mọ́, tó fi jẹ́ pé ààbọ̀ èémí ló ń mí. Ó ní kí òun lọ wo àwọn òkúta òun kí àlejò tó dé. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òkúta mẹ́rìnlá ló bá lórí ẹní, wọ́n tò wọ́n ní méjì-méjì, wọ́n ń dán bí ojú ìyàwó tuntun.

Wàsílátù aya rẹ̀ dúró tì wọ́n, ó fọwọ́ mú ìbàdí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ dé etí.

"Ẹ wá wòran, Bàbá Hassanat! Láti ìdájí ni mo ti wà lórí ìdúró. Gbogbo ẹ̀gbin funfun tó lẹ̀ mọ́ wọn lára ni mo ha dànù. Àti gbogbo dúdúdúdú tí aláǹgbá yà sí i."

"Aláǹgbá?" Ohùn Ọládòṣù tín-ín-rín bí òwú. "Wàsílátù, nọ́ńbà nìyẹn."

"Nọ́ńbà kí ni?"

"Nọ́ńbà àwọn òkúta!"

Wàsílátù wo àwọn òkúta náà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Òkúta ní nọ́ńbà? Ta ló fẹ́ pè wọ́n lórí fóònù?"

Ọládòṣù káwọ́ lérí. Bí ó ti nà sókè báyẹn ni bọ́tìnnì kan já fò lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó lọ dún gbì lára bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ọ̀dà àádọ́ta ọdún! Kò ṣeé ha! Kí lo fi ha á?"

"Kànìnkànìn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ ràn án. Mùktárù ló fún mi ní tínà."

Mùktárù ni ọ̀gbẹ́ni tó ń kun mọ́tò lọ́dà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, tínà yìí ló sì fi ń fọ ọ̀dà kúrò lára nǹkan. Ó ti yọrí lókè ògiri, ọ̀dà pupa kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń retí ọpẹ́.

"Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́, Bàbá," ló wí. "Ọ̀fẹ́ ni."

Kí ẹ má baà sọ pé orí ọkùnrin náà ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ayé ìjọba agbègbè, nígbà tí Ìbàdàn ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá, ìjọba dá ẹ̀ka kékeré kan sílẹ̀ pé kó máa wo ohun tó wà nínú ilẹ̀: òkúta mábù, amọ̀ tó ṣeé fi mọ àwo, yanrìn tó ṣeé fi ṣe dígí, àti ohunkóhun tí orí bá bá wọn rí. Ẹ̀ka Òkúta àti Kùsà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá kan, akọ̀wé mélòó kan, Lándírófà kan tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, àti àwọn agbẹ́kòtò. Wọ́n wá wúrà, wọ́n kan omi. Wọ́n lọ wá omi níbòmíràn, wọ́n kan àpáta. Bí ó ti wù kó rí, wọ́n gbẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ìjọba yí padà, ọ̀gá yí padà, gbígbẹ́ ò yí padà. Àfìgbà tó di ọdún 1976, tí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ sí ìpínlẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kun Ẹ̀ka náà bí ẹran iléyá. Ìpínlẹ̀ kan mú tábìlì, èkejì mú Lándírófà, ẹ̀kẹta tó pẹ́ dé mú àwọn àga. Kò sẹ́ni tó mú òkúta. Wọ́n dà wọ́n sí ààtàn lẹ́yìn ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni Ọládòṣù ti ṣa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú àpò ìrẹsì, tó sì gbé e lé itan láti Ìbàdàn wọ Èkó. Ìgbà tó délé, itan náà ò mọ̀ pé òun ní olúwa mọ́.

Kíkọ nọ́ńbà ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀ka. Bí agbẹ́kòtò bá gbé òkúta jáde, Ọládòṣù á fọ̀ ọ́, á wá ojú ibi tó tẹ́jú jù lára rẹ̀, á fi ọ̀dà funfun kun ibẹ̀ tó bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Bí ìyẹn bá gbẹ, á wá fi ọ̀dà dúdú kọ nọ́ńbà kòtò sórí rẹ̀. Òkúta tó bá ti ní nọ́ńbà, ti ìjọba ni. Èyí tí kò bá ní, a lè fi sọ máńgòrò.

Rájí Àkànbí, ará Ìsẹ́yìn, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàrin àwọn agbẹ́kòtò. Àbàjà mẹ́rin ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí olóòlà dé orí ìlà kẹrin, Rájí kékeré fi igbe bọnu, ó ja orí gbà, ìlà náà sì wọ́ lọ sókè sápá etí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó. Ìlà yẹn ni wọ́n fi ń bú u, òun náà ló fi ń rẹ́rìn-ín jù.

Lọ́dún 1975, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, Rájí sọ̀kalẹ̀ sínú Kòtò Kẹtàdínlógún. Ó gbẹ́, ó kan òkúta, ó pẹ́ díẹ̀ nísàlẹ̀, ó so ó mọ́ okùn, ó wá kígbe pé, "Fà á, akọ̀wé!" Ọládòṣù fà á. Òkúta dókè. Ó tú u, ó yíjú padà láti ju okùn sísàlẹ̀. Kòtò ò sí mọ́. Ilẹ̀ ti panu dé.

Nígbà tí ìyá Rájí dé sí ọ́fíìsì, wọ́n ní orúkọ ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, torí òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni, orúkọ àwọn olóṣù nìkan ni wọ́n ń kọ. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn bèèrè pé, "Ṣé kò tiẹ̀ wá sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ mi wá síbí rí?" Ọládòṣù, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ló la ẹnu tirẹ̀ ràgàjì: "Màmá, màá rí i pé wọ́n kọ ọ́."

Ó ti tó ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Màmá ti kú. Wọn ò tíì kọ ọ́.

Ìgbà tí Ọládòṣù wá gbọ́ lórí rédíò pé ilé iṣẹ́ ìjọba kan fẹ́ ṣe ìwé ìtàn Ẹ̀ka Òkúta àti Kùsà, inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó kọ lẹ́tà. Wọ́n ní kó tún un kọ, kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó mú un wá fúnra rẹ̀. Ó mú un lọ. Wọ́n ní ẹni tó ń gbà á lọ jẹun. Ó padà lọ, ẹni náà ti jẹun tán, ó ti fẹ̀yìn tì. Ní lẹ́tà keje ni wọ́n tó dá a lóhùn pé fáìlì wọn fo láti Kòtò Kẹrìndínlógún bọ́ sí Kejìdínlógún. Kò sí Kòtò Kẹtàdínlógún rárá. Bí kò bá sì sí kòtò, báwo ni ẹnì kan ṣe kú sínú rẹ̀?

"Òkúta rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi!" Ọládòṣù ké sórí fóònù. "Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́!"

"Ó dáa, Dádì," obìnrin tó wà lórí fóònù dáhùn, Adéjùmọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀. "Ọjọ́bọ̀ ni mo ń bọ̀ wá ya fọ́tò rẹ̀. Bí mo bá ti rí nọ́ńbà, ó parí. Láìsí nọ́ńbà, òkúta lásán ni."

Ṣé ẹ ti wá mọ ohun tí Wàsílátù fi tínà ha dànù?

Aago mẹ́wàá géérégé ni Adéjùmọ̀kẹ́ dé. Fún àádọ́ta ọdún, ìjọba ò tètè dé rí, ọjọ́ yìí ló wá wù ú. Obìnrin náà ò tíì pé ogójì ọdún, ó wọ bàtà gogoro tí òun àti ilẹ̀ Máfolúkù ò bára wọn ṣọ̀rẹ́, ó gbé báàgì ńlá kan kọ́ èjìká. Ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Ó wo orí ẹní.

"Dádì, níbo làwọn nọ́ńbà wà?"

"Ẹ jókòó ná, Mádàámú."

"Mo ní nọ́ńbà, sà."

"Èmi ni mo fọ̀ wọ́n o!" Wàsílátù ké láti ilé ìdáná. "Wọ́n ti dọ̀tí jù!"

Adéjùmọ̀kẹ́ di ojú rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí eyín ń ro.

"Kò burú, kò burú," Ọládòṣù yára wí. "Èmi ò nílò nọ́ńbà láti mọ̀ wọ́n. Ẹ wò mí." Ó gbé òkúta kan, ó yọ ahọ́n síta gbàlàjà, ó lá a.

"Dádì!"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn! Bí itọ́ bá kàn án, ara òkúta á là, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á yọjú. Ọ̀gá wa pàápàá lá òkúta ju bí ó ṣe lá ọbẹ̀ lọ. Èyí jẹ́..." Ojú rẹ̀ yọ jáde. Ó fọwọ́ gba ọ̀fun mú. Ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Tínà ni o, Bàbá!" Mùktárù ké láti orí ògiri. "Ẹ fomi yọnu! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná ní sàkáání yín títí di ìrọ̀lẹ́!"

Ó fomi yọnu. Ó fi ojú ṣe ìyókù. Ó ń nawọ́ sí wọn níkọ̀ọ̀kan: mábù Kòtò Kẹrin, amọ̀ dídì Kòtò Kẹsàn-án, yanrìn dídì Kòtò Kọkànlá. Ó dé òpin ẹní, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún dé òpin. Òógùn bọ̀ ọ́. Òkúta Kòtò Kẹtàdínlógún kò sí níbẹ̀: funfun ni, nǹkan wínníwínní sì wà lára rẹ̀ tó ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n! Wàsílátù, èyí tó kù ńkọ́?"

Bàálù kan ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápá, ó gba orí òrùlé kọjá. Wàsílátù dáhùn, ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí bàálù fi máa lọ tán, Adéjùmọ̀kẹ́ ti dìde.

"Dádì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n kàn ní kí n wá ya fọ́tò òkúta sára bánà ni. Ìwé náà ti jáde."

"Ìwé wo?"

Ó mú un jáde nínú báàgì. Ó tóbi, ó nípọn, ó ń dán, ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Ọ̀túnla, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni ìfilọ́lẹ̀. Mo mú ẹ̀dà kan wá fún yín, ẹ̀bùn ni."

Ọládòṣù gbà á. Ó jókòó. Adéjùmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló bá a ṣí ojú-ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, torí kò fẹ́ kí bàbá náà dá nìkan bá ohun tó wà níbẹ̀ pàdé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: *Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ẹ̀ka náà sílẹ̀ títí di ìgbà tó kógbá wọlé, kò sí òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀.*

 Mùktárù pàápàá fi orí rẹ̀ pa mọ́.

"Lẹ́tà méje," Ọládòṣù wí jẹ́jẹ́. Ó tún wí, kò jẹ́jẹ́ mọ́. "Lẹ́tà méje! Ìwọ obìnrin yìí, o mọ̀ pé ìwé ti jáde, o sì jẹ́ kí n máa lá tínà!"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ló ní..."

"Ọ̀gá ẹ ti wọ kòtò rí? Ṣé ó mọ bó ṣe ń dún tí ilẹ̀ bá panu dé? Kì í dún! Kì í dún rárá! Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn!" Ó ń ṣí ìwé náà pàràpàrà, ó ń wá ibi tí yóò ti ya á. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú kó lè dùn ún ya. Ojú-ìwé kìíní, gómìnà. Ojú-ìwé kejì, kọmíṣọ́nà. Ó di ojú-ìwé kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà sí ojú. Ni ọkùnrin tó ń bínú bí iná yìí bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kèèkèè, ẹ̀rín tó já bọ́tìnnì méjì tó kù, tó fi ní láti di ẹsẹ̀ àga mú kó má baà ṣubú.

"Ó ti ṣẹlẹ̀," Wàsílátù kígbe. "Tínà ti dé ọpọlọ!"

"Mádàámú," Ọládòṣù ń nu ojú, "ta lẹ pe ọkùnrin yìí?"

"Olóyè Fọlọ́runṣọ́ ni, sà. Ọ̀gá tí Ẹ̀ka ní kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò."

"Mùnírù nìyí."

"Mùnírù wo?"

"Mùnírù dírẹ́bà! Ọ̀gá ló di kámẹ́rà mú! Ó bọ́ fìlà onírin rẹ̀ fún Mùnírù pé kó dé e, kó dúró síbẹ̀ kí òun fi wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Mùnírù fẹ́ràn fìlà náà, ó ṣe bí olóyè, ó ta igẹ̀, ẹ wò ó! Dírẹ́bà lẹ tẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà!"

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ sá kúrò lójú Adéjùmọ̀kẹ́. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Dádì. Gbogbo ọmọ olóyè ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ló sanwó gbọ̀ngàn. Èyí tó dàgbà jù ti wọ bàálù láti London."

"Òun ló kọjá lórí òrùlé yẹn o," Mùktárù fi kún un láti ẹ̀yìn ògiri.

Adéjùmọ̀kẹ́ ti ń tẹ fóònù. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ pé, "Ọ̀gá, wàhálà ti dé o." Ọládòṣù ṣì ń rẹ́rìn-ín Mùnírù, ó ń fi ìka tọ etí fọ́tò náà bí ẹni tó ń tọ ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ìka rẹ̀ rìn kọjá èjìká Mùnírù, ó dé apá ẹ̀yìn. Ẹ̀rín náà gbẹ.

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó gbé dígà lé èjìká, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo kámẹ́rà, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì hàn kedere. Èèkàn kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà funfun, ọ̀dà dúdú: 17.

Wọ́n ní kò sí kòtò. Àwọn fúnra wọn ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀nà, nítorí pé fìlà ni wọ́n ń wò.

"Rájí," ni Ọládòṣù wí.

Adéjùmọ̀kẹ́ padà wá. Ó tẹjú mọ́ ibi tó ń fi hàn án, ó rí èèkàn náà, ó mí kanlẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ. Kòtò wà. Ṣùgbọ́n Dádì, kí ni mo fẹ́ wí fún ọ̀gá mi? Ó máa ní ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń kọjá lọ sóko."

"Rájí ni!"

"Mo gbà yín gbọ́, sà. Bébà ni ò gbà yín gbọ́."

Wàsílátù ti wá dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ń wo fọ́tò náà láti orí èjìká rẹ̀. Ó fajú ro. "Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Mo mọ ọkùnrin yìí."

"Wàsílátù, jọ̀ọ́. Nígbà tí Rájí kú, o ò tíì mọ̀ mí."

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí." Ó rìn wọ yàrá lọ. Ilẹ̀kùn yàrá kì í dúró bí wọn kò bá fi nǹkan tì í. Afẹ́fẹ́ bàálù ni kì í jẹ́ kó sinmi. Wọ́n gbọ́ tó dún gbàà. Wàsílátù sì jáde, ó gbé òkúta funfun kan mọ́yà bí ọmọ ìkókó. "Èyí tí mo mú fi ti ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí nìyí, tí mò ń bá yín sọ tí bàálù ò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí funfun rẹ̀ ṣí tán, mo rí nǹkan lábẹ́. Mo rò pé kànìnkànìn ló ha á lára, mo ti ń bẹ̀rù yín."

Ó gbé e kalẹ̀ sórí ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò.

Ìlà mẹ́rin ló wà lójú ibi tó tẹ́jú jù lára òkúta náà, ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì ló gé wọn jinlẹ̀. Mẹ́ta dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀kẹrin wọ́ lọ sókè, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó.

Adéjùmọ̀kẹ́ wo òkúta, ó wo fọ́tò, ó tún wo òkúta. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Wọn ò mọ̀ ọ́n kọ," Ọládòṣù wí. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rántí àlá. "Àwọn agbẹ́kòtò. Bí wọ́n bá kan òkúta àkọ́kọ́ nínú kòtò, wọ́n á gé ìlà ojú ara wọn sí i, kí ẹlòmíràn má baà ní òun ló gbẹ́ kòtò náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe nísàlẹ̀ nìyẹn tó fi pẹ́. Mo tiẹ̀ ń kígbe sí i pé, kí lò ń ṣe, ò ń dáná ni?"

Ó fi àtàǹpàkò kan ìlà kẹrin.

Lọ́jọ́ kejì ikú Rájí, ọ̀gá ní kí iṣẹ́ máa lọ. Ọládòṣù gbé òkúta náà lé itan, omijé kún ojú rẹ̀, kò ríran. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi wá ibi tó tẹ́jú jù, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà funfun. Ó kun ún dáadáa, lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ojú ibẹ̀ ò dán, ó ń mu ọ̀dà. Ó kọ 17 sí i.

Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ló fi ń lé ìjọba kiri pé wọ́n fi Rájí pa mọ́.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹ̀yin kí ni?" Wàsílátù bi í.

"Èmi ni mo fi ọ̀dà kun ún lójú."

Wàsílátù wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló fi ìdí ìró rẹ̀ nu ojú òkúta náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí. "Èmi náà sì ti ha á kúrò," ló wí. "Ó tán."

Fóònù Adéjùmọ̀kẹ́ dún. Ó gbé e, ó ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ó pa á. "Wọ́n ní a ò lè tún ìwé tẹ̀. Wọ́n fẹ́ tẹ bébà pélébé kan lónìí tí a máa kì bọ gbogbo ẹ̀dà náà, pé fọ́tò ojú-ìwé kẹrin kì í ṣe ti Olóyè, kí ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Wọ́n sì ń wá fọ́tò Olóyè gan-an lójú méjèèjì."

Ọládòṣù kò yí orí padà. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe ògiri inú ilé, láti ojú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀. Fọ́tò Ẹ̀ka wà níbẹ̀ nínú férémù: ọ̀gá jókòó láàrin, àwọn olóṣù dúró yí i ká. Àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ò sí níbẹ̀, torí pé ẹ̀yìn kámẹ́rà ni wọ́n ní kí wọ́n lọ dúró sí.

"Òun nìyẹn! Ẹ bá mi gbé e, Dádì, ẹ gbà mí!"

"Tí Rájí bá wọ bébà pélébé yẹn."

"Dádì!"

"Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ máa kí àwọn ọmọ Mùnírù kú oríire."

Mùktárù pàtẹ́wọ́ lórí ògiri. Adéjùmọ̀kẹ́ tún pe ọ̀gá rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ṣàlàyé, ó bú u díẹ̀, ó sì tún bẹ̀ ẹ́. Ó padà pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo.

"Ìlà kan?"

"Oyè Olóyè gba ìlà márùn-ún, sà. Bébà ò gùn. Wọ́n gbà kí a kọ pé ó gbẹ́ kòtò. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ ikú níbẹ̀ rárá. Wọ́n ní ọjọ́ ayọ̀ ni."

Inú tún bí Ọládòṣù, ó ru sókè, ó dé ọ̀fun, ó bá òórùn tínà níbẹ̀, ó rọ̀ sílẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó kọ, ó pa á rẹ́. Ó kọ ti ara rẹ̀ sí i, pé Ọládòṣù ló fi ọ̀dà bò ó. Ó kà á, ó ti di ìlà méjì. Ó pa ti ara rẹ̀ rẹ́. Ó kọ ọ́ fún ìgbà ìkẹyìn, ó sì fi bébà náà lé Adéjùmọ̀kẹ́ lọ́wọ́.

*Ẹni tó wà lẹ́yìn ni Rájí Àkànbí, ará Ìsẹ́yìn. Ó gbẹ́ Kòtò 17. Kò jáde.*

Adéjùmọ̀kẹ́ kà á jẹ́jẹ́. "Dádì, èyí tó gbẹ̀yìn yìí..."

"Ṣé mo dárúkọ ikú?"

"Ẹ ò dárúkọ rẹ̀, sà."

"Ṣé ó ju ìlà kan lọ?"

Ó fi ìka wọ̀n ọ́n. "Ó gba ìlà kan géérégé."

Ó ká bébà náà, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú kọ́mú rẹ̀, níbi tí ọ̀gá kankan ò lè bá a dé. Ó wọlé, ó já férémù lára ògiri, ó ya fọ́tò òkúta náà lójú àti lẹ́yìn, ó gbé bàtà gogoro rẹ̀ lọ́wọ́, ó sá jáde lọ wá kẹ̀kẹ́.

Ọládòṣù gbé òkúta Kòtò Kẹtàdínlógún wọlé, ó gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ó jókòó tì í. Àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí gbayawu, kò sí bọ́tìnnì kankan lára rẹ̀ mọ́, ó sì ń mí dáadáa.

Ilẹ̀kùn yàrá gbá gbàà. Ó ṣí. Ó tún gbá.

"Bàbá Hassanat," Wàsílátù ké láti inú yàrá, "ẹ gbé òkúta mi wá!"

"Kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ láéláé."

"Kí ni kí n wá fi tì í?"

Ọládòṣù wo yàrá yíká. Ó mú ìwé ìtàn Ẹ̀ka Òkúta àti Kùsà, èyí tó ń dán, tó nípọn, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó sì nà án sí i. Wàsílátù bẹ̀rẹ̀, ó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ kì í dáadáa.

Bàálù mìíràn gba orí òrùlé kọjá. Àwo mì, fèrèsé mì. Ilẹ̀kùn ò mira.

"Ẹ wò ó," Wàsílátù wí, ó yà á lẹ́nu. "Ìwé gidi ni."